Bátìrì Méjì fún Ọkọ̀ Tí Kò Sí

Yùpíẹ́ẹ̀sì mi máa ń ké. Gbogbo ẹni tó bá ń lo kọ̀ǹpútà nílé ló mọ àpótí dúdú yẹn, èyí tó ń gba iná pamọ́ sínú kí kọ̀ǹpútà má baà kú lójijì bí wọ́n bá mú iná lọ. Tèmi, bí iná bá ti lọ báyìí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké nìyẹn, píì, píì, píì, débi pé àwọn ará àdúgbò wa ní Kábà kì í wo gílóòbù wọn mọ́ kí wọ́n tó mọ̀ pé kò síná. "Ẹyẹ ọmọ Màmá ti ń ké o!" ni obìnrin tó ń ta epo pupa lódìkejì títì máa ń pariwo, àwọn tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ á sì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà á rẹ́rìn-ín láti ojú fèrèsé, ṣùgbọ́n ẹ̀rín mi kì í kọjá eyín.

Ariwo yẹn fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń dùn mí. Ohun tó ń dùn mí ni pé ó ń sọ fún gbogbo ayé pé mo wà nílé. Ọkùnrin tó ti lé lógójì ọdún, tó kàwé, tó ti ṣiṣẹ́ ní Àbújá rí, òun ló wà nínú yàrá iwájú ilé ìyá rẹ̀ lọ́sàn-án gangan, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà ní oko, tàbí ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, tàbí níwájú pátákó ní ilé ìwé. Ilé iṣẹ́ tí mo wà ní Àbújá ló kógbá sílé. Mo di ẹrù mi, mo padà wálé, mo ní fún ìgbà díẹ̀ ni. Inú ìgbà díẹ̀ yẹn náà ni mo ṣì wà.

Mo níṣẹ́ o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Àwọn èèyàn tí mi ò rí rí, tí wọ́n ń gbé ní ìlú tí mi ò dé rí, á fi ohùn ìpàdé wọn ránṣẹ́ sí mi lórí kọ̀ǹpútà. Èmi á ki ìgbọ́rọ̀ bọ etí, màá máa gbọ́, màá sì máa tẹ ohun tí wọ́n sọ, ọ̀rọ̀ kan kò gbọdọ̀ bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n ń sanwó, owó náà sì ń gbọ́ bùkátà ilé. Ṣùgbọ́n ẹ dákun, ẹ bá mi ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ọ̀rẹ́ ìyá mi. Nígbà tí wọ́n bi í pé kí ni mò ń ṣe nínú yàrá láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, mo gbọ́ tó dá wọn lóhùn pé, "Ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó." Ọ̀kan nínú wọn wá ní, "Ọlọ́run á wò ó." Ẹni tó ń ṣàìsàn la máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún.

Ìyé ni mò ń pe ìyá mi, bí àwọn èèyàn wa ṣe ń pe ìyá. Opó ni, ó sì wà lára àwọn àgbà ẹgbẹ́ obìnrin ní ìjọ wa. Ẹni tí kò bá mọ ẹgbẹ́ yẹn lè rò pé orin àti àdúrà nìkan ni wọ́n ń bá kiri. Bí ìkórè bá dé, wọ́n máa ń pe àwọn ìyá tí Ọlọ́run ṣe oore fún ọmọ wọn lọ́dún náà. Ti eléyìí kọ́lé. Ti tọ̀hún gba ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́ ní Lọ́kọ́ja. Ti òmíràn ra ọkọ̀. Ìyá náà á jó lọ síwájú pẹpẹ, gbogbo ẹgbẹ́ á tẹ̀lé e, ọmọ á sì máa jó bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti padà wálé, ẹ̀yìn ìyá ẹlòmíràn ni Ìyé ń jó tẹ̀lé. Kò bá mi sọ ọ́ rí. Ṣùgbọ́n mo máa ń rí i láti ìjókòó mi lẹ́yìn, bó ṣe ń fi aṣọ ìnujú nu òógùn lójú ìyá oníyàá, ojú á sì máa tì mí bíi pé èmi ni mo jí ijó rẹ̀ gbé.

Ọ̀rọ̀ bátìrì yìí bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kan tí iná ń lọ tó ń bọ̀, tó ń lọ tó ń bọ̀, bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé. Bátìrì kéékèèké méjì tó wà nínú yùpíẹ́ẹ̀sì náà ti gbó, wọ́n ti wú. Kí n tó tọ́jú ohun tí mo tẹ̀, kọ̀ǹpútà kú, iṣẹ́ gbogbo àárọ̀ sì bá a lọ. Mi ò rí i fi ránṣẹ́ lásìkò. Wọ́n gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e fún ẹlòmíràn, wọ́n sì kọ̀wé sí mi tìfẹ́tìfẹ́, irú ìfẹ́ tó ń dẹ́rù bani, pé bó bá tún ṣẹlẹ̀, àwọn á wá ẹni tó níná nílé.

Ẹ̀yin á ní kí ló dé tí mi ò tan jẹnẹrétọ̀. Jẹnẹrétọ̀ wà. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ òyìnbó tó ń sọ̀rọ̀ nínú imú kò lè jókòó ti jẹnẹrétọ̀, èéfín rẹ̀ sì máa ń mú kí Ìyé wúkọ́. Mo wá pinnu pé bátìrì ńlá ni màá so mọ́ yùpíẹ́ẹ̀sì náà. Kò ṣòro. Bí agbára wọn bá ṣáà ti bá àpótí náà mu, kò bìkítà bóyá bátìrì ńlá ni tàbí kékeré. Igbá kan náà lèèyàn fi ń bu omi nínú ìkòkò àti nínú dúrọ́ọ̀mù, dúrọ́ọ̀mù ló kàn máa pẹ́ kó tó gbẹ. Bátìrì ńlá méjì tí mo bá so pọ̀, ọ̀kan tẹ̀lé ìkejì, á gbé kọ̀ǹpútà mi láti àárọ̀ títí di ọjọ́rọ̀.

Èyí tí wọ́n ṣe fún sólà ni mo fẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ní Kábà lọ́sẹ̀ yẹn, mi ò sì lè dúró. Mo gba ìsọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ lọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì. Mo tọ́ka sí àwọn tó tóbi jù.

"Méjì," mo ní.

Ọkùnrin tó ni ìsọ̀ náà wò mí. "Méjì? Èyí tó tóbi yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò, ó nà án sí mi. "Kái! Ẹ kú oríire o! Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ fi rí ire."

Mo gbọ́ ọ yé. Ọkọ̀ kékeré, bátìrì kan ni. Lọ́rì ló ń lo méjì, méjì tó dọ́gba, tó wúwo. Gbogbo èèyàn tó bá sì ti dúró ní gáréèjì rí ló mọ̀ pé bí èèyàn bá ra lọ́rì tókúnbọ̀, bátìrì ló kọ́kọ́ ń wá, torí èyí tó bá a wá láti òkè òkun ti máa ń kú. Ẹni tó bá ń ra bátìrì lọ́rì méjì, lọ́rì rẹ̀ ti wà níbì kan tó ń dúró dè é.

"Rárá o," mo ní, "fún kọ̀ǹpútà ni."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá. Fún kọ̀ǹpútà ni. Ẹ̀yin lẹ mọ nǹkan ṣe."

Níbẹ̀ ni ọ̀ràn ti dé, Àbújá ló sì fà á tí mi ò fi tètè rí i. Lọ́dọ̀ wa, a kì í kéde ohun tí kò tíì wọlé. Obìnrin tó lóyún, bí ikùn rẹ̀ tilẹ̀ ṣáájú rẹ̀ wọ ilé, bó o bá bi í, iyán ló jẹ yó. Ẹni tó fẹ́ kọ́lé, bí wọ́n bá ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ lọ́wọ́, kànga ló ní wọ́n ń gbẹ́. Ẹni tó ra ọkọ̀ á gbé e pamọ́ sí Ìsánlú tàbí Lọ́kọ́ja títí tí yóò fi ṣetán láti gbé e wọlé tàdúràtàdúrà. Ayé ò ṣe é finú hàn. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ fún wa pé òun kò ní nǹkan, orí la máa mì, a ó sì ṣe àmín. Ẹni tí kò ní lóòótọ́, kí ló fẹ́ máa sẹ́? Mo ti gbé ibi tí wọ́n ti ń pariwo ohun tí wọn ò ní débi pé mo gbàgbé bí àwọn èèyàn mi ṣe ń dákẹ́ lórí èyí tí wọ́n ní.

Kẹ̀kẹ́ ni mo fi gbé wọn dé ilé, ní ìta gbangba, bí òmùgọ̀. Ìyé àti ìyá àgbà tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ wọn jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí. Mo gbé bátìrì àkọ́kọ́ sílẹ̀, ẹ̀yìn mi ń ké. Mo gbé ìkejì.

"Okun o, Màmá," mo kí olórí ẹgbẹ́.

"Okun o, ọmọ mi." Ẹ̀gúsí ti dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo bátìrì, ó wò mí, ó wo ìyá mi. Ó wá gbójú sókè. "Bàbá, mo dúpẹ́. Ewu ò ní wu ú lójú títì. Wọn ò ní fi ẹ̀jẹ̀ wẹ̀ ẹ́."

"Màmá, fún kọ̀ǹpútà ni."

"Háà-bà! Mo bi ẹ́ ni?" Ó ń rẹ́rìn-ín. "Mi ò bi ẹ́. Kọ̀ǹpútà ni. Kọ̀ǹpútà á mú èrè wá."

Ìyé tẹ̀síwájú pẹ̀lú ẹ̀gúsí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mọ́lẹ̀ bí mi ò ṣe rí i kó mọ́lẹ̀ láti ìgbà pípẹ́, èmi sì rò pé oòrùn ni.

Ọjọ́ kejì ni mo so wọn. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ ọwọ́, inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn, mi ò ní purọ́. Mo tú àpótí yùpíẹ́ẹ̀sì, mo yọ àwọn bátìrì tó wú náà dànù. Mo ra wáyà tó nípọn, torí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ inú rẹ̀ kò lè gbé irú agbára bẹ́ẹ̀ pẹ́, yóò gbóná ni. Mo fi fíúsì sí i lórí, kí ilé ìyá mi má baà jóná torí òyìnbó. Mo kan pákó mọ́lẹ̀ lábẹ́ fèrèsé, mo gbé bátìrì lé e níbẹ̀, torí bí irú bátìrì bẹ́ẹ̀ bá ń gba iná, afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára rẹ̀ kò dára kó há sínú yàrá. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n ṣe àpótí náà fún, kì í ṣe odidi ọ̀sán, nítorí náà mo ṣí ìdérí rẹ̀ sílẹ̀, mo fi fáànù kékeré tí mo yọ lára kọ̀ǹpútà ògbólógbòó kan fẹ́ ẹ. Mo sì pa ohùn rẹ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ẹyẹ ò ní ké mọ́.

Nígbà tí iná lọ lẹ́yìn náà, mi ò tilẹ̀ mọ̀. Ìgbà tí mo gbọ́ tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í kùn ni mo tó gbójú sókè. Mo ń tẹ iṣẹ́ mi lọ. Mo fẹ́ dá jó ní yàrá.

Ṣùgbọ́n àdúgbò ti ń tẹ́tí. Ẹyẹ ọmọ Màmá ò ké mọ́. Nígbà tí mo lọ ra epo, obìnrin elépo ní, "Ìwọ náà ti bọ́ lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà. Ó tó bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin kì í jókòó sílé." Mo ní mo ṣì ń ṣiṣẹ́ náà, bátìrì ńlá ni mo fi sí i ni kò fi ké. Ó wo òrùlé wa. Àwọn tó ní sólà ní àdúgbò wa, orí òrùlé la ti ń rí páńẹ́lì wọn. Kò sí nǹkan kan lórí tiwa àfi ewé máńgòrò. "Bẹ́ẹ̀ ni," ó ní, "bátìrì ńlá." Ó bu epo lé epo mi láìgba nǹkan kan.

Láti ibẹ̀, ọ̀rọ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi. Ọkùnrin kan wá láti Òkè-Bùkún, ó wọ aṣọ tó mọ́, ó fi ìwé àṣẹ awakọ̀ rẹ̀ hàn mí, ó ní òun ti wa lọ́rì dé Kánò àti Màídúgùrì, òun kì í mutí. Mo ní mi ò ní lọ́rì. Ó dọ̀bálẹ̀. Ó ní òun mọ̀, pé bí mi ò bá tíì ní, òun á dúró. Mo wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ níbi tó ti dọ̀bálẹ̀ fún mi, ó sì ṣe mí bíi kí n sá wọ abẹ́ ibùsùn. Iṣẹ́ ló ń wá. Mo mọ bó ṣe rí kéèyàn máa wáṣẹ́.

Àbúrò bàbá mi pè mí láti Ìyàrá. Ẹni tí kò pè mí láti ìgbà tí mo ti padà dé. "Mo gbọ́," ó ní. "Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí iṣu mi bá tó kó, mi ò ní wá ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ mọ́."

"Bàbá, kò sí ọkọ̀ o. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín."

"O gbọ́n," ó ní. "Bàbá rẹ náà, bẹ́ẹ̀ ló ṣe gbọ́n. Ẹnu rẹ̀ kì í jò."

Kò sí ẹni tó fi mí wé bàbá mi rí. Ó dùn mọ́ mi. Lórí irọ́ tí mi ò pa, lórí lọ́rì tí kò sí, ó dùn mọ́ mi gan-an, bí mo sì ṣe rí i pé ó dùn mọ́ mi ni ojú gbà mí tì, mo pa fóònù, mo jókòó. Àwọn àgbà ní òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Tèmi ò tilẹ̀ kùtà. Ṣe ni wọ́n ń rà á, tí wọ́n ń gbé e relé, tí wọ́n ń pè é ní nǹkan mìíràn.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni mo ṣí fèrèsé, mo sì rí Ìyé nínú àgbàlá. Ó ti kó igi ìdáná tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kúrò. Ó ti ti ilé adìyẹ dé ẹ̀yìn balùwẹ̀. Ibi tó ti máa ń sá ẹ̀gúsí rẹ̀, ó ti gbá a, ó ti yọ òkúta inú rẹ̀. Ó wá mú àdá, ó ń nàgà, obìnrin tí orúnkún ń dùn, ó ń gé ẹ̀ka máńgòrò tó rọ̀ sísàlẹ̀. Mo wò ó títí kí n tó mọ ohun tó ń ṣe. Kí ẹ̀ka má baà ha òkè lọ́rì ni.

Kò bi mí. Ó gbà pé mò ń bo àṣírí ni, ó sì ń bá mi bò ó, ó kàn ń tún ibi tí oore náà máa dúró sí ṣe. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣàlàyé ìtìjú tó mú mi lójú fèrèsé yẹn. Bó bá jẹ́ pé ó bú mi ni, ì bá sàn.

Mo jáde, mo gba àdá lọ́wọ́ rẹ̀. "Ìyé, ẹ wá bá mi wo nǹkan."

Ó tẹ̀lé mi wọ yàrá. Mo fi bátìrì hàn án lábẹ́ fèrèsé.

"Ìyé, kò sí ọkọ̀."

"Mo mọ̀," ó ní jẹ́ẹ́. "Kò sí."

"Mi ò bò ó mọ́lẹ̀. Kò sí lóòótọ́."

"Tò. Ibí lo ń gbé wọn pamọ́ sí títí á fi dé. Ó dáa."

Mo pa iná lára ògiri. Kọ̀ǹpútà ń tàn. "Ẹ wò ó. Mo ti paná. Àwọn yìí ló gbé e dúró." Mo tú wáyà kúrò lórí bátìrì. Kọ̀ǹpútà kú pátápátá, ojú rẹ̀ dúdú. Mo so ó padà, mo tàn án, iná rẹ̀ padà wá. Mo tún tú u. Mo tún so ó. Mò ń ṣe bí ẹni tó ń kọ́ ọmọdé.

Ó jókòó sí etí ibùsùn mi. Ó wo bátìrì, ó wo wáyà, ó wo àpótí tí mo ṣí ìdérí rẹ̀. Mo rí i bí ó ṣe yé e. Ó ti ojú wọlé, ó sì sọ̀ kalẹ̀ sí èjìká rẹ̀.

"Gbogbo eléyìí," ó ní, "torí kí ìyẹn má baà kú?"

"Iṣẹ́ mi ni, Ìyé."

"Tò."

Ó dìde, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó jáde. Kò kó igi ìdáná padà sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Ilẹ̀ tó gbá náà wà bẹ́ẹ̀, ó mọ́ roro, kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀.

Nígbà tí ìkórè kù sí dẹ̀dẹ̀, olórí ẹgbẹ́ wá pẹ̀lú àwọn àgbà méjì kan. Wọ́n ní lọ́dún yìí, orúkọ Ìyé wà lára àwọn tí wọ́n máa pè síwájú.

"Ẹ má pè mí," Ìyé ní. "Ọmọ mi ò ra ọkọ̀. Mo ti fojú mi rí i. Kọ̀ǹpútà ló so bátìrì mọ́."

Wọ́n wo ara wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà jáde sí wọn, mo ní, "Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, ẹ jọ̀ọ́. Òótọ́ ni." Olórí ẹgbẹ́ pàtẹ́wọ́. "Ìyá àti ọmọ, ẹnu wọn ṣe ọ̀kan! Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn." Wọ́n gbàdúrà fún wa, wọ́n lọ.

Mo sọ fún Ìyé pé mi ò ní lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà. Ó wò mí. "O máa lọ," ó ní. "Màá sọ fún wọn níwájú pẹpẹ. Kò sẹ́ni tó ń bo nǹkan níwájú pẹpẹ."

Ṣọ́ọ̀ṣì kún dẹ́nu. Iṣu, ọkà bàbà, ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti adìyẹ tí wọ́n so lẹ́sẹ̀ wà nílẹ̀ níwájú. Wọ́n pe ìyá kan, ó jó. Wọ́n pe òmíràn, ó jó. Wọ́n wá pe Ìyé. Kò jó. Ó rìn lọ síwájú, ó ń rìn bí ẹni tó fẹ́ lọ jẹ́rìí nílé ẹjọ́, ó sì gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ olórí ẹgbẹ́.

"Ẹ̀yin ará," ó ní, "ọmọ mi ò ra ọkọ̀. Mo sọ ọ́ níwájú Ọlọ́run. Bátìrì tẹ́ ẹ rí, kọ̀ǹpútà ló fi ń ṣiṣẹ́. Kò sí lọ́rì níbì kankan."

Gbogbo ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Mo di etí ìjókòó mú. Mo ní, ó ti parí, wọ́n ti gbọ́.

Ọkùnrin kan kígbe lẹ́yìn, "Halelúyà!" Ẹ̀rín bú jáde lójú kan náà, àtẹ́wọ́ sì tẹ̀lé e. Olórí ẹgbẹ́ gba gbohùngbohùn, omijé ayọ̀ wà lójú rẹ̀. "Ẹ gbọ́ bí ìyá ṣe ń bo ọmọ rẹ̀! Níwájú pẹpẹ pàápàá! Ọlọ́run á bá wa bo àṣírí tiwa náà!" Àmín wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí òrùlé. Akọrin ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn obìnrin ti dìde, wọ́n yí ìyá mi ká, wọ́n ń fi aṣọ ìnujú nu ojú rẹ̀, òun tó máa ń nu tiwọn. Ẹnì kan tì mí láti ẹ̀yìn, ẹlòmíràn fà mí lọ́wọ́, mo bá ara mi níwájú.

Ìyé dúró gbọnin láàárín wọn. Ó yí ojú wá mi, mo rí i pé ó ń wá ibi tó máa gbà jáde. Kò sí. Orin náà dùn, ó jẹ́ èyí tó fẹ́ràn. Èjìká rẹ̀ ọ̀tún ló kọ́kọ́ mì. Lẹ́yìn náà òsì. Lẹ́yìn náà ó tẹ̀, ó sì jó. Mi ò mọ̀ pé ìyá mi mọ̀ ọ́n jó tó bẹ́ẹ̀. Ó jó débi pé àwọn ọ̀dọ́ ń na ọrùn wò ó. Èmi náà ń jó lẹ́yìn rẹ̀, mò ń rẹ́rìn-ín sí àwọn èèyàn, ojú ń tì mí dé egungun, mo sì ń bẹ̀bẹ̀ nínú mi pé kí wọ́n má tíì dá orin náà dúró.

Ẹsẹ̀ la fi rìn lọ sílé. Àwọn tó ń gbé ọkọ̀ kọjá ń fọn fèrè sí wa, wọ́n ń juwọ́. Nígbà tí a kúrò lágbègbè ṣọ́ọ̀ṣì, Ìyé tún gèlè rẹ̀ ṣe.

"Mo sọ ọ́ fún wọn," ó ní.

"Ẹ sọ ọ́, Ìyé. Gbogbo wa gbọ́."

"O rí mi bí mo ṣe jó?"

"Mo rí yín. Ẹ jó gan-an."

Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Kò wò mí. "Ọmọ mi wà láàyè," ó ní. "Ó wà lọ́dọ̀ mi. Ó ń ṣiṣẹ́, òun ló ń ra oògùn mi. Mi ò jó fún ìyẹn rí. Ọkọ̀ tí mo mọ̀ pé kò sí ni mo lọ jó fún." Ó fi etí gèlè nu ojú. "Ojú rẹ ń tì mí."

Mo fẹ́ sọ fún un pé èmi ló yẹ kójú tì. Mo gba Bíbélì àti báàgì lọ́wọ́ rẹ̀, mo dì í lápá mú, a tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Lódìkejì, obìnrin kan yọrí láti inú ìsọ̀ rẹ̀, ó kígbe pé, "Màmá onílọ́rì! Ẹ kú ìdúpẹ́ o!"

Ìyé gbé ọwọ́ sókè, ó dá a lóhùn, ó ní Ọlọ́run á ṣe tirẹ̀ náà. Kò sẹ́ ẹ. Èmi náà ò sẹ́ ẹ.